Ìṣó Ni Wọ́n Fi Há Ẹsẹ̀ Mọ́tò Olóyè!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ariwo sọ. N kò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ni, kó yáa fọwọ́ bojú. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ohun tí ojú rí ní Ìbàdàn yìí mì, inú ni yóò máa run mí.

Ṣé ẹ mọ Olóyè kan báyìí tó ní takisí Nissan Micra rẹpẹtẹ lójú títì? Ẹni tó ṣe òkú ìyá rẹ̀ láìpẹ́ yìí, tí wọ́n dí òpópónà láti àárọ̀ dalẹ́, tí olórin ń kì í títí ohùn fi há a lọ́fun? Aṣọ ẹbí oríṣi mẹ́ta! Owó tí Olóyè fọ́n lójú agbo, àpò ìrẹsì làwọn ọmọ olórin fi kó o nílẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ náà ni táyà iwájú takisí rẹ̀ yọ lórí eré, tó ṣíwájú mọ́tò, tó sì wọ búkà alámàlà lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Ìkòkò gbẹ̀gìrì dojúdé. Ọlọ́run ló kó wọn yọ, ẹnikẹ́ni ò kú. Ìyá alámàlà fẹsẹ̀ rọ́ níbi tó ti ń sá, àwọn èrò inú takisí sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, wọn ò lè sọ̀rọ̀.

Kí eruku tó rọlẹ̀, àwọn kan ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ayé ló ń bá Olóyè jà. Wọ́n ní ìlara òkú tó ṣe ló fà á, pé ọwọ́ àwọn ẹbí kan wà níbẹ̀. Ayé wo? Ẹbí wo? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bàbá mẹ́káníìkì kan bá lábẹ́ mọ́tò náà nígbà tó gbé jáàkì sí i. Èmi wà níbẹ̀, mo nàgà wò ó, mo sì rí i.

Sítọ́ọ̀dù mẹ́rin, àwọn irin tí nọ́ọ̀tì táyà ń wọ̀, ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ Micra. Méjì ti ṣẹ́. Ojú ibi tí ọ̀kan ti ṣẹ́ ti pọ́n kuku fún ìpẹtà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irin, ẹ ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló ṣẹ́. Sítọ́ọ̀dù mẹ́ta ni wọ́n ti fi ń gbé ọmọ ọlọ́mọ kiri, láti Challenge dé Mọ́kọ́lá, láti Mọ́kọ́lá dé Ojóo! Méjì tó kù, eyín wọn ti bó, irin wẹ́wẹ́ tó ń dán há sáàárín wọn. Bàbá fi èékánná ha á, ó mirí, ó ṣa nọ́ọ̀tì kan nílẹ̀, ó yí i wò, ó ní, “Nọ́ọ̀tì Toyota ni wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ Nissan.”

Háà! Ẹ̀yin tí ẹ ò rí ohun tó burú níbẹ̀, ẹ farabalẹ̀. Sítọ́ọ̀dù Toyota tí a ń gùn nílùú yìí àti ti Nissan, mílímítà 12 ni ìnípọn àwọn méjèèjì. Sípánà kan náà ló sábà máa ń tú wọn. Bí ẹ bá kó nọ́ọ̀tì wọn pọ̀ sínú agolo, ojú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kò lè yà wọ́n. Eyín wọn ni kò bára mu. Ti Toyota, láti eyín kan dé èkejì jẹ́ mílímítà 1.5. Ti Nissan jẹ́ 1.25. Ẹ ní ìyàtọ̀ kékeré nìyẹn? Ẹ yí nọ́ọ̀tì Toyota lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lórí sítọ́ọ̀dù tirẹ̀, yóò ti rìn ní mílímítà 15. Ẹ yí ti Nissan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lórí tirẹ̀, 12.5 ni yóò rìn. Àwọn méjì tí ìrìn wọn kò dọ́gba, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ jọ dé ilé?

Bí ẹ bá fi ọwọ́ lásán de nọ́ọ̀tì Toyota mọ́ sítọ́ọ̀dù Nissan, yóò yí díẹ̀, yóò sì há. Níbẹ̀ gan-an ni irin ti sọ̀rọ̀ tán. Níbẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ti dáwọ́ dúró. Àmọ́ ọ̀gá mẹ́káníìkì tó ṣe ẹsẹ̀ mọ́tò Olóyè kò dúró o! Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló tú àṣírí. Ó ní ọ̀gá ki páìpù bọ ìdí sípánà, ó gun orí páìpù, ó ń fò lé e. Nọ́ọ̀tì ń ké, ọ̀gá ń kọrin. Ó fi tipátipá gé eyín irin mọ́ irin, ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó ní, “Ó ti le dáadáa.”

Ó kúkú le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irin tó ń jẹ ara wọn ló le, kì í ṣe ríìmù ni wọ́n dì mú. Iṣẹ́ nọ́ọ̀tì ni kó fa sítọ́ọ̀dù, kó sì fi ìfà yẹn tẹ ríìmù mọ́ họ́ọ̀bù pinpin, tí wọn kò fi ní í yẹ̀ lórí ara wọn. Bí gbogbo agbára bá ti tán sórí eyín tó ń bó, kò sí èyí tó kù fún ríìmù. Mọ́tò bá wọ kòtò, ríìmù á yẹ̀ díẹ̀. Ó tún wọ òmíràn, á yẹ̀ sí i. Ihò ríìmù á máa fẹ̀, yóò máa gbá sítọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sítọ́ọ̀dù kan á ṣẹ́, ẹrù rẹ̀ á bọ́ sọ́rùn àwọn yòókù, àwọn náà á sì tẹ̀ lé e. Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní ọfà ayé nìyẹn!

Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ dúró ná. Nígbà tí Bàbá fi àkísà nu gírísì àárín ẹsẹ̀ yẹn, níbi tí orí ṣáàfù ti yọ síta, ariwo ló ta. Nọ́ọ̀tì ńlá kan wà níbẹ̀ tó so ṣáàfù mọ́ họ́ọ̀bù. Ihò wà lórí ṣáàfù náà, wọ́n sì máa ń dé fìlà irin kan lé nọ́ọ̀tì, èyí tí etí rẹ̀ ní àlàfo yíká. Kọ́tàpíìnì ni wọ́n ń kì gba inú àlàfo yẹn bọ inú ihò, kí nọ́ọ̀tì má bàa rí ọ̀nà tú. Kí lẹ rò pé a bá níbẹ̀? Ìṣó! Ìṣó tí káfíńtà fi ń kan pákó òrùlé! Wọ́n fi òòlù tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ, ó ti dípẹtà, ó sì ku díẹ̀ kó já sí méjì. Èmi fọwọ́ gbá àyà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kọ́tàpíìnì jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ pé òun ò mọ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì, orí rẹ̀ rí roboto, ó sì ní ẹsẹ̀ méjì. Bó bá ti wọ ihò tán, ẹ ó la ẹsẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ ó tẹ wọ́n mọ́lẹ̀, kò tún rí ibi jáde mọ́. Irin rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ̀ láìṣẹ́. Bí ẹ bá sì ti tún un nà, ó ti rẹ̀ nìyẹn, ẹ jù ú nù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó. Ìwọ̀n ihò ni ẹ ó fi rà á: èyí tó kún inú ihò láìjẹ́ pé òòlù ló gbé e wọlé. Ìṣó kò ní ẹsẹ̀ tí ẹ ó là. Bó bá tín-ín-rín ju ihò lọ, yóò máa mì, yóò máa jẹ ara rẹ̀ títí yóò fi já tàbí kó yọ́ jáde lóru ọjọ́ kan tí ẹ ń bọ̀ láti òde ìyàwó.

Èló ni kọ́tàpíìnì ọ̀hún? Owó rẹ̀ kò tó ti igi súyà kan! Igi súyà kan, ẹ̀yin èèyàn! Ọkùnrin tó lẹ owó mọ́ iwájú orí olórin títí iwájú orí fi kún!

Ẹni tó sún mọ́ ilé wọn, tó bẹ̀ mí kí n má dárúkọ òun, sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Dírẹ́bà ti lọ bá Olóyè nínú pálọ̀ ṣáájú ìsìnkú, ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dún kòkòkò, pé mẹ́káníìkì ní kí wọ́n ra sítọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀tì àti píìnì. Olóyè ń ka owó aṣọ ẹbí lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Ìgbà wo ni mọ́tò yín kì í dún? Ẹ wá nǹkan há a.” Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà! Ẹ wá nǹkan há a! Wọ́n sì wá nǹkan há a lóòótọ́.

N kò ní í yọ ọ̀gá mẹ́káníìkì yẹn sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò la lọ síbi fíríìdọ̀mù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, wọ́n gbé sípánà lé e lọ́wọ́, wọ́n gbàdúrà lé e lórí pé irin kò ní í ṣe é. Ọdọọdún ló ń bá wọn bọ Ògún ní gáréèjì, òun gan-an ló máa ń fa ajá. Ẹni tó mọ̀ pé irin ni wọ́n fi ń búra níwájú adájọ́ fún ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, òun náà ló wá fi irin parọ́! Bí Olóyè ò bá fún un lówó nọ́ọ̀tì, ṣé kò lẹ́nu láti sọ pé, “Ẹ gbé mọ́tò yín, èmi ò lè ṣe é báyìí”? Owó iṣẹ́ ló ń wò. Ó gba owó iṣẹ́ náà pé, ó fi ra ọtí.

Dírẹ́bà ńkọ́? Nígbà tí kòkòkò yẹn di gbàgàgbàgà, rédíò ló yí sókè. Èrò ẹ̀yìn kan bi í pé kí ló ń dún, ó ní jíà ni. Jíà, lẹ́sẹ̀ iwájú! Èrò ọ̀hún sì dákẹ́, ó ń tẹ fóònù rẹ̀ lọ. Báyìí ni gbogbo wa ṣe ń bá ara wa dákẹ́ títí táyà fi wọ búkà.

Ẹ má sì rò pé Olóyè nìkan ló jẹ̀bi nílùú yìí. Abilékọ kan wà, ẹ̀sìn rẹ̀ dá ṣáká, ó ra ríìmù aláràbarà tòkunbọ̀ sí Toyota rẹ̀ kí ọkọ̀ lè dán níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń gbọ̀n. Ó ti gba ààwẹ̀ nítorí ọkọ̀ yìí! Wọ́n ti da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó bi í pé irú nọ́ọ̀tì wo ló dè é. Ojú ihò ríìmù tó rà tẹ́ pẹrẹsẹ. Nọ́ọ̀tì ọlọ́rùn gígùn tó ní wáṣà pẹrẹsẹ lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Nọ́ọ̀tì ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti ríìmù àtijọ́ ni wọ́n kó padà sí i. Etí ihò nìkan ló ń kàn, kò rí ibi jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Honda, tí ẹnu nọ́ọ̀tì tirẹ̀ rí roboto: bí ẹ bá gbé e sínú ihò tí wọ́n gé ní ṣóńṣó, bí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ ni ibi tí wọ́n ti fara kanra yóò ṣe mọ. Eyín lè bára mu o, kí ẹnu má bára mu. Ẹ̀mí àìrí kọ́ ló ń gbọn ọkọ̀ Abilékọ.

Alàgbà kan tún wà, èyí tó máa ń gbàdúrà gígùn. Bóòtù apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ó yọ bóòtù lára géètì ilé, ó ní kí wọ́n fi sí i. Ó ní irin ni irin ń jẹ́. Irin kì í ṣe irin, Alàgbà! Ẹ wo orí bóòtù dáadáa, ẹ ó rí nọ́ńbà: 8.8, 10.9, nígbà míì 12.9. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni bóòtù ṣe lágbára tó. Èyí tí orí rẹ̀ dán borokoto láìní nọ́ńbà kankan, ti ilẹ̀kùn àti tábìlì ni, kò ní í ṣe lábẹ́ mọ́tò. Bí wọ́n bá yọ 10.9, 10.9 ni kí wọ́n dá padà. Kí a sì sọ èyí náà: tí nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì, èyí tí àlàfo wà létí òun fúnra rẹ̀, bá ti fún tó bó ṣe yẹ, tí ihò píìnì kò sì bá àlàfo ṣe déédéé, iwájú ni wọ́n ń fún un sí díẹ̀ títí wọn yóò fi ṣe déédéé. Àwọn ọ̀lẹ ló ń dẹ̀ ẹ́ padà sẹ́yìn.

Ṣé ẹ wá fẹ́ gbọ́ ohun tó dójú tì mí jù? Ọmọkùnrin tó ń fi ọmọlańkẹ́ gbé omi ládùúgbò wa, tí kò ní fìlà oyè, tí kò ní ríìmù aláràbarà, mo pàdé rẹ̀ ní ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ní Gate. Píìnì tó di táyà ọmọlańkẹ́ rẹ̀ mú ti já. Ó mú àkúkù rẹ̀ dání, ó fi bébà wé e. Oníṣọ̀ọ́bù kan na òmíràn sí i, ó ní, “Gbà, ó máa wọ̀ ọ́.” Ọmọkùnrin náà kò gbà. Ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó rí i pé tuntun tín-ín-rín jù, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó lọ sí ìkẹta, kó tó rí èyí tó bá a mu. Ẹrù omi lásán ló ń gbé o! Olóyè ń gbé èèyàn, ìṣó ló fi há a.

Ohun tí ọmọ yẹn ṣe ni gbogbo wa yẹ kó máa ṣe. Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ sọ́jà. Ẹ má fi ẹnu lásán ṣàpèjúwe. Ẹ mọ orúkọ ọkọ̀ yín àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ wo ìnípọn, ẹ wo eyín, ẹ wo ẹnu tó ń jókòó sínú ríìmù, ẹ wo gígùn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìka ọwọ́ yín yí nọ́ọ̀tì náà lórí sítọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ mú dání. Ìka ọwọ́ nìkan, láìsí sípánà. Bí eyín bá bára mu, tí ó sì mọ́, yóò máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ. Ó kéré tán, ó yẹ kí ó yí tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lẹ́sẹ̀ mọ́tò kí ó tó kan ríìmù tí ó sì fún. Bó bá há lẹ́yìn ìyípo kan tàbí méjì, ẹ dá a padà, bí oníṣọ̀ọ́bù tilẹ̀ ń fi ìyá rẹ̀ búra.

Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, ẹ dúró tì wọ́n. Tí nọ́ọ̀tì kan bá ti di, èyí tó kọjú sí i lódìkejì ló kàn, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ríìmù lè jókòó déédéé. Ọwọ́ ni wọ́n ń fi fún sípánà, kì í ṣe ìfò. Bí mọ́tò bá ti rìn tó kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún padà fún wọn wò. Fọkanáísà tó bá bínú nítorí pé ẹ dúró tì í, ẹ lọ bá ẹlòmíràn.

Ìlú wa ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tì lójú jù. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló ṣagbátẹrù rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, òun náà ló kọ́kọ́ ṣe alága. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, a ti mọ bí a ṣe ń fi bẹ́líìtì ìjókòó sọ́rùn bí a bá ti rí ẹ̀ṣọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, tí a ó sì tú u bí a bá ti kọjá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ lè wo ìwé, wọ́n lè wo iná, wọ́n lè wo ojú táyà. Ta ni yóò bá yín ṣí ìdérí àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò bóyá píìnì ló wà níbẹ̀ tàbí ìṣó? Ẹ̀rí ọkàn nìkan ló ń ṣọ́ ibẹ̀, ti Olóyè sì ti lọ jó níbi òkú.

Mo gbọ́ pé Olóyè ti rán èèyàn sí ìyá alámàlà. Kí lẹ rò pé ó fi ránṣẹ́? Aṣọ ẹbí tó ṣẹ́kù! Ìyá dá a padà. Ó ní kí wọ́n san owó ìkòkò òun, owó oúnjẹ tó dànù àti owó ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ òun, kí wọ́n sì jẹ́ kí òun fojú rí píìnì tuntun lẹ́sẹ̀ gbogbo takisí Olóyè kí èyíkéyìí tó tún kọjá níwájú búkà òun. Ìyá dáa. Èmi ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó fi ìṣó há ẹsẹ̀ mọ́tò èrò, ẹ má pè é ní ọlọ́gbọ́n tó mọ owó ṣọ́. Apànìyàn tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé ni. Ẹni tó rán an níṣẹ́ kò sàn jù ú lọ, fìlà oyè kò sì lè bo ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ takisí, bí ẹ bá gbọ́ kòkòkò lẹ́sẹ̀ mọ́tò, ẹ ní kí ó dúró, kí ẹ sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lọ́kọ̀, ẹ lọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lónìí, kí n má bàa gbọ́ tiyín lọ́la. Bí mo bá gbọ́, mo máa sọ ọ́.